Ta Ni Èsì Náà Ń Lọ Bá? Ìtàn Àwọn Olùtọ́jú Ọpọlọ Ọmọdé àti Nọ́ńbà

Ní ọdún 2003, Ann Garland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú San Diego, ní ìpínlẹ̀ California. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti pa á láṣẹ pé bí ọmọ bá wá gba ìtọ́jú ìlera ọpọlọ lábẹ́ ètò ìjọba, kí wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè, kí òbí rẹ̀ náà dáhùn tiẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ara ọmọ náà ń yá. Wọ́n ń kó fọ́ọ̀mù jọ lóòótọ́. Wọ́n ń ṣírò máàkì, wọ́n sì ń dá èsì padà fún àwọn olùtọ́jú. Àwọn olùwádìí wá bi àádọ́ta olùtọ́jú léèrè pé, èsì tí ẹ ń gbà yìí, kín lẹ ń fi ṣe? Ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn ò fi ṣe ohunkóhun rí lẹ́nu ìtọ́jú.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọ́n ń bẹ̀rù kí àṣírí wọn má tú. Lójú àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ṣàjèjì. Ètò tí a bá kọ, tí a sì gbé fún àwọn èèyàn láti máa lò, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sínú fáìlì kan, àwa náà sì ń ka fáìlì yẹn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ibẹ̀ la ti máa mọ̀. Báwo wá ni ẹni tó ń tọ́jú ọmọ èèyàn ṣe máa gba èsì, tí kò ní wò ó?

San Diego nìkan kọ́ ni ìdáhùn wà. Ìtàn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú ìtàn ọ̀hún ló sì ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, Boston, ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná. Bí a bá ní olùtọ́jú nínú àròkọ yìí, kì í ṣe dókítà nìkan. Ó kan onímọ̀ ìwà ẹ̀dá, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà àti olùdámọ̀ràn, gbogbo ẹni tó ń jókòó ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé kọ́ ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1910, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan wà ní ọsibítù Massachusetts General ní Boston, tó ń jẹ́ Ernest Amory Codman. Ohun tó ń sọ kò le rárá. Ó ní kí ọsibítù máa tọpa aláìsàn kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un yọrí sí rere, bí kò bá sì yọrí sí rere, kí wọ́n wádìí ohun tó fà á. Ó ń kọ ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan sórí káàdì. Ní 1911 ó dá ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà títí di 1916, aláìsàn 337 ló gba ìtọ́jú níbẹ̀ tí wọ́n sì padà sílé, Codman sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún gbogbo ayé kà pé àṣìṣe 123 ló wáyé. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Codman ní tiẹ̀, èyí tó jẹrà ló gbé lọ sọ́jà.

Kò dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1914 ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní Massachusetts General, torí pé bí dókítà bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e ga, kì í ṣe bí àwọn aláìsàn rẹ̀ bá ṣe sàn tó. Ní oṣù kìíní ọdún 1915 ó pe ìpàdé, ó sì ṣí àwòrán ńlá kan síta: ògòǹgò tó ki orí bọ iyanrìn, tó ń fi ẹsẹ̀ ta ẹyin wúrà sẹ́yìn fún àwọn dókítà. Ògòǹgò yẹn dúró fún àwọn olówó Boston tó ń sanwó láìfẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń rà. Inú bí àwọn ènìyàn ńlá ìlú, Codman sì jìyà rẹ̀. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ rí i dájú pé bí o bá gbé èsì síta, ẹjọ́ lo gbé wá bá ara rẹ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1917, ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ṣílẹ̀kùn ní ìlú kan náà. Wọ́n fi orúkọ Harvey Humphrey Baker sọ ọ́, adájọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ ọmọdé Boston, tó ti kú ní 1915. Dókítà William Healy àti Augusta Bronner ló ń darí rẹ̀. Healy ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Chicago láti 1909. Iṣẹ́ wọn ni pé ọmọ tó bá jalè, tó bá sá nílé, tàbí tó bá di ìṣòro nílé-ìwé, adájọ́ á fi í ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n á yẹ ara rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n á bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì kọ̀wé ìmọ̀ràn padà sí adájọ́. Kí ilé ẹjọ́ tó gba ọmọ mú kó tó béèrè ohun tó ń ṣe é, nǹkan tuntun ni lásìkò yẹn.

Healy àti Bronner fúnra wọn ò sá fún èsì o. Ní 1926 wọ́n gbé ìwé jáde tó tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n ti rí ní Chicago àti ní Boston. Ní 1939 wọ́n tún gbé òmíràn jáde, àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí Ìtọ́jú àti Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀. Torí náà, irọ́ ni pé àwọn olùtọ́jú ọmọdé kò fẹ́ràn àtimọ àbájáde iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ìwé méjèèjì yẹn ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1934, tọkọtaya kan ní Yunifásítì Harvard, Sheldon Glueck àti Eleanor Glueck, gbé ìwé jáde lórí ẹgbẹ̀rún kan ọmọkùnrin tí ilé ẹjọ́ ọmọdé Boston ti fi ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú Baker. Wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ parí ọ̀rọ̀ wọn. Ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún padà rú òfin. Ariwo ta. Àwọn kan ní ilé ẹjọ́ ọmọdé kò wúlò, àwọn mìíràn ní ilé ìtọ́jú ni kò wúlò. Àwọn tó ń gbèjà ilé ìtọ́jú sọ pé ìmọ̀ràn nìkan ni tiwọn, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ìmúṣẹ wà, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn yẹn ni wọn ò sì tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àwáwí lásán. Bí ètò kọ̀ǹpútà kan bá ní apá mẹ́rin, tí gbogbo rẹ̀ sì dákú, nọ́ńbà tó sọ pé ó dákú kò tíì sọ apá tó bàjẹ́. Bákan náà, 88 kò sọ bóyá àyẹ̀wò ni kò dára, tàbí ìmọ̀ràn, tàbí adájọ́ tí kò tẹ̀ lé e, tàbí ebi tó wà nílé ọmọ náà. Gbogbo rẹ̀ wọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó sì dà bí ìdájọ́ lórí ẹni tó jókòó ti ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ka ìwé náà ni Richard Clarke Cabot. Dókítà Massachusetts General ni òun náà, bíi Codman. Òun ló mú àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wọ ọsibítù yẹn ní 1905, òun náà ló sì gbé ìwádìí jáde ní 1912 lórí òkú 3,000 tí wọ́n là wò, tó fi hàn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó pé kí dókítà ṣi àìsàn mọ̀. Ó wá pinnu pé àríyànjiyàn ò lè yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí, àfi ká dán an wò. Ní àwọn ìlú Cambridge àti Somerville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, wọ́n kó ọmọkùnrin 650 jọ, wọ́n sì tò wọ́n ní méjì-méjì, kí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra ní ọjọ́ orí, ní ilé tí wọ́n ti wá àti ní ìwà. Wọ́n wá ta owó ẹyọ sókè. Ọ̀kan nínú méjì-méjì á ní olùdámọ̀ràn tí á máa bẹ̀ ẹ́ wò nílé, tí á ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, tí á mú un lọ rí dókítà bí ó bá yẹ. Wọ́n fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ọdún yẹn gan-an ni Cabot kú. Ó parí ní 1945.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Joan McCord wá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí, wọ́n ti di baba. Ó bi àwọn tó ní olùdámọ̀ràn léèrè bóyá ètò náà ṣe wọ́n lóore. Nínú mẹ́ta, méjì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá wo ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ọsibítù àti ìwé ikú. Nínú ìròyìn tó tẹ̀ jáde ní 1978, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Nínú àwọn nǹkan kan, bíi ọtí àmujù, àìsàn ọpọlọ tó le àti ikú àìtọ́jọ́, tiwọn ló tilẹ̀ burú jù.

Ẹ fi ara yín sípò olùdámọ̀ràn yẹn ná. O ń lọ sílé ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, fún ọdún márùn-ún. O mọ ìyá rẹ̀, o mọ kíláàsì tó ti ń fìdí rẹmi. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá rí ọ. Nígbà tó dàgbà, ó ní o ṣe òun lóore. Ẹlòmíràn tí kò jókòó tì í rí wá gbé nọ́ńbà wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún pé wàhálà lo fi kún fún un. Èwo lo máa gbà gbọ́, ojú rẹ ni àbí nọ́ńbà?

Kí ìròyìn McCord tó jáde ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká àwọn olùtọ́jú mọ́. Ní 1957, Eugene Levitt kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ nípa ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Nínú àwọn ọmọ tó gba ìtọ́jú, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló sàn nígbà tí ìtọ́jú parí. Nínú àwọn tí wọ́n gba orúkọ wọn sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò padà wá, iye tó sàn ò kéré síyẹn. Ní 1959, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú Chicago tó ti ara èyí tí Healy dá sílẹ̀ ní 1909 jáde. Wọn ò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀ náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ná nǹkan bí 80 mílíọ̀nù dọ́là ní Fort Bragg, ní North Carolina, láti fún ọmọ àwọn sójà ní gbogbo oríṣi ìtọ́jú ọpọlọ tí wọ́n bá nílò, láìsí ìdènà. Leonard Bickman láti Yunifásítì Vanderbilt ló wọn àbájáde rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ rí ìtọ́jú gbà, inú àwọn òbí dùn. Nígbà tí wọ́n fi ara àwọn ọmọ náà wé ti àwọn ọmọ sójà níbòmíràn tí wọn ò ní irú ètò yẹn, wọn ò sàn jù wọ́n lọ, owó tí wọ́n ná sórí wọn ló pọ̀ jù.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, láti Glueck dé Fort Bragg, bákan náà ni nọ́ńbà ṣe ń dé. Ẹni tó wà níta ló ń gbé e wá, ìdájọ́ ló máa ń jẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ti 1934, ọdún márùn-ún ti kọjá. Ti 1978, ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ tí wọ́n kà mọ́ ọn ti kúrò lọ́wọ́ olùtọ́jú, ó ti di àgbà, àwọn kan tilẹ̀ ti wà nínú sàréè. Kò sí ohun tí olùtọ́jú lè fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́la. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kó gbèjà ara rẹ̀. Yorùbá sì ní ẹni tí a bá ń wò kì í wòran.

Ojú yìí ló yẹ ká fi wo San Diego. Nígbà tí Garland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé fọ́ọ̀mù ń jẹ àkókò tí ó yẹ kí wọ́n lò pẹ̀lú ọmọ, pé ó ń ni àwọn òbí tí kò mọ̀wé dáadáa lára, pé èsì tó ń padà wá kò bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà mu. Ìjọba ni fọ́ọ̀mù náà ń sìn. Ẹ̀dà lásán ló ń kan olùtọ́jú. Ní 2010, Amanda Jensen-Doss àti Kristin Hawley náà gbé ìwádìí jáde lórí olùtọ́jú ọmọdé 1,442 káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n bi wọ́n nípa irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo oríṣi èrò mẹ́ta: ṣé ìwọ̀n náà péye, ṣé ó dára ju ojú olùtọ́jú lọ, ṣé ó ṣe é lò lẹ́nu iṣẹ́? Nígbà tí wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n pọ̀, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló dúró, òun ló ń sọ ẹni tó máa lo ìwọ̀n àti ẹni tí kò ní lò ó.

Ẹnìkan lè wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àwọn olùtọ́jú sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ojú wọn wò. Ṣebí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú náà máa ń tanni. Ní 2005, Corinne Hannan, Michael Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìdánwò kan. Àgbàlagbà ni àwọn aláìsàn ibẹ̀, kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo wa. Wọ́n ní kí olùtọ́jú 48 sọ, nínú aláìsàn 550, àwọn tó máa burú sí i kí ìtọ́jú tó parí. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń burú sí i. Àwọn olùtọ́jú dárúkọ mẹ́ta. Ogójì ló burú sí i. Nínú mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ, ẹyọ kan péré ló wà nínú ogójì yẹn. Ìṣirò tó ń fi ìdáhùn aláìsàn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ wé bí ó ṣe yẹ kó máa lọ mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń ké ìbòsí lórí àwọn kan tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Kì í ṣe pé àwọn olùtọ́jú yẹn ò mọṣẹ́. Ìrètí wà nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá ní ìrètí ò lè jókòó ti ẹni tó ń sunkún láti àárọ̀ dalẹ́. Ìrètí yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ojú rí ẹni tó ń rì.

Ti ọmọdé tún le ju ti àgbà lọ. Àgbà lè sọ bó ṣe ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ti ọmọ, ìyá á sọ tiẹ̀, olùkọ́ á sọ tiẹ̀, ọmọ náà á sọ tiẹ̀. Ní 1987, Thomas Achenbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 119 jọ láti wo bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń bára mu sí. Bí 1 bá túmọ̀ sí pé ẹnu wọn kò yàtọ̀ rárá, tí 0 sì túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀, òbí méjì lórí ọmọ kan náà wà ní 0.60. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti àwọn àgbà tó yí i ká wà ní 0.22. Èwo nínú wọn ni òtítọ́? Ó lè jẹ́ gbogbo wọn. Ọmọ tó ń dákẹ́ ní kíláàsì lè máa fọ́ àwo nílé. Torí náà, nígbà tí olùtọ́jú bá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè sọ bí ọmọ ṣe rí, ó mọ ohun tó ń sọ.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà ibòmíràn ni nǹkan gbà. Ní 2002, àwọn ilé ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé mélòó kan para pọ̀ fúnra wọn, láìsí pé ìjọba fi ipá mú wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CORC. Àdéhùn wọn ni pé kí gbogbo wọn máa lo ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì kó èsì pọ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ lára ara wọn. Ọ̀kan nínú ìwọ̀n náà ni fọ́ọ̀mù oníbéèrè 25 tí Robert Goodman gbé jáde ní London ní 1997, tí òbí, olùkọ́ àti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lè dáhùn. Ní 2011 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan tó ní kí wọ́n máa béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí nígbàkígbà tó bá wá.

Ohun tó wú wa lórí jù níbẹ̀ ni ti Miranda Wolpert, tó darí CORC fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń pe àwọn ẹlòmíràn wá sídìí nọ́ńbà ni, síbẹ̀ òun náà ló ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ní 2014 ó kọ̀wé pé ìwọ̀n tí wọ́n bá fi agídí gbé kalẹ̀ lè ṣe aláìsàn léṣe. Ní 2018, òun àti Harry Rutter tún kọ̀wé lórí irú dátà tó wà nínú iṣẹ́ yìí: ó ní àbùkù, kò dáni lójú, kò ju ìtọ́ka lásán lọ, kò sì pọ̀ tó. Wọn ò ní ká dà á nù. Wọ́n ní ká lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra, ká fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ká má fi parí ẹjọ́. Àwa tí dátà tó dọ̀tí jẹ́ oúnjẹ wa ojoojúmọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsì padà fún olùtọ́jú kíákíá ni ìtàn yí padà ní Amẹ́ríkà. Bickman tó wọn Fort Bragg ló tún ṣe é. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti ilé ìtọ́jú 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá, lórí ọ̀dọ́ 340. Gbogbo wọn ló ń dáhùn ìbéèrè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èsì ń dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú àwọn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí ti àwọn yòókù ń dé lẹ́ẹ̀kan láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn tí olùtọ́jú wọn ń rí èsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn kíákíá jù. Bí olùtọ́jú bá ṣe ń ṣí èsì wò tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Kì í ṣe idán o. Àwọn olùtọ́jú kan wà nínú ìwádìí yẹn tí kò ṣí èsì wò. Ní 2016 Bickman gbé ìròyìn mìíràn jáde láti ilé ìtọ́jú méjì tó gba ètò kan náà. Èyí tó lò ó dáadáa ni èrè rẹ̀ hàn jù. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ò wo ọmọ kankan sàn.

Ẹ rántí ilé ìtọ́jú Baker ní Boston, tí 88 ti bẹ̀rẹ̀? Ó ṣì wà nígbà tí a wọ ọ̀rúndún yìí. Ẹni tó di olórí rẹ̀ ní 2004 ni John Weisz, olùwádìí ìtọ́jú ọmọdé. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Bruce Chorpita wà lára wọn, gbé ìwọ̀n kan jáde tó kéré jọjọ. Wọ́n á bi ọmọ pé, nǹkan mẹ́ta wo ló ń dà ọ́ láàmú jù? Wọ́n á bi òbí náà lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa béèrè pé, láti 0 dé 10, báwo lèyí ṣe le tó báyìí? Ọmọ lè sọ pé òun ò lè sùn bí iná bá kú. Òbí lè sọ pé ọmọ ń jà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Méjèèjì wà lórí ìwé, kò sẹ́ni tó fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Fi èyí wé ti 1934. Ilé kan náà, irú ìbéèrè kan náà: ǹjẹ́ ọmọ náà ń ṣe dáadáa? Nígbà yẹn, ọmọ ò mọ̀ pé wọ́n ń ka òun. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ò rí èsì títí ó fi bọ́ sórí. Nísinsìnyí, ọmọ ló ń sọ ohun tí wọ́n máa kà, ẹni tó jókòó tì í ló sì kọ́kọ́ ń rí i, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣì lè ṣe nǹkan sí i.

Àwọn kan nínú àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa rí i pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á dé ọwọ́ wa, nílé tàbí lẹ́yìn odi: ilé ìwòsàn kan á ní ká kọ ibi tí wọ́n á ti máa tọpa àwọn ọmọ tó ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó fún un lè jẹ́ ìjọba tàbí àjọ olùrànlọ́wọ́, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè ni ojú ìwé tó ń fi hàn ilé ìwòsàn tó ń ṣe dáadáa àti èyí tí kò ṣe dáadáa. A mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá ń fi nọ́ńbà wọn iṣẹ́ ẹni. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n bá ti ń ka iye iṣẹ́ tí olúkúlùkù parí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kéékèèké ló máa ń pọ̀, àwọn iṣẹ́ tó le á wà nílẹ̀. Bí olùtọ́jú bá mọ̀ pé nọ́ńbà ọmọ tó le jù lè gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ọmọ tó le jù yẹn ló máa kọ́kọ́ di ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn ṣí.

Ká tó kọ ìlà kan, ó yẹ ká béèrè ẹni tí èsì náà máa kọ́kọ́ lọ bá. Bó bá jẹ́ olú-ìlú ni, fọ́ọ̀mù á kún, àpótí á kún, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún á sì tún sọ pé àwọn ò fi ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ọmọ, òbí rẹ̀ àti olùtọ́jú rẹ̀ ni, kó tó di pé wọ́n tún jókòó pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á jẹ́ pé wọ́n ṣì ní àyè láti yí ọwọ́ padà. Olú-ìlú lè gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.